Ibi Funfun Lórí Máàpù Kì Í Ṣe Òfìfo: Àyẹ̀wò Máàpù Òkè Aïr

Nínú ìwé wa yìí, ewì la sábà máa ń gbé sórí òṣùwọ̀n, tàbí ìtàn kúkúrú, tàbí eré tí wọ́n ṣe ní gbọ̀ngàn. Lọ́tẹ̀ yìí, máàpù ni mo gbé wá. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa yọ ṣùtì ètè: "Máàpù kẹ̀? Ṣé àwọn jọ́gíráfì ló ni ẹgbẹ́ yìí ni?" Ẹ ní sùúrù fún mi. Ohunkóhun tí ènìyàn bá jókòó tì, tó ronú sí, tó yan ohun tí yóò fi síbẹ̀ àti ohun tí yóò yọ kúrò, ìwé ni. Bó bá sì jẹ́ ìwé, a lè bi í léèrè ọ̀rọ̀.

Máàpù òkè Aïr ni mo ń sọ, ní àríwá orílẹ̀-èdè Niger, èyí tí ilé iṣẹ́ ayàwòrán-ilẹ̀ ìjọba Faransé tí wọ́n ń pè ní IGN yà ní ìwọ̀n 1:200,000. Ìtumọ̀ ìwọ̀n yẹn ni pé sẹ̀ǹtímítà 1 lórí bébà jẹ́ kìlómítà 2 lórí ilẹ̀. Bí a bá ya Ajah dé Ẹ̀pẹ́ bẹ́ẹ̀, kò ní tó gígùn rúlà kan. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé máàpù yìí jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ tó dára gan-an, àmọ́ ó ní àlébù ńlá kan. Ojú rẹ̀ ń wo òkè, kò wo pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ibi tí kò bá ti ga, funfun ló máa ń fi sílẹ̀. Ẹni tó bá sì rí funfun á rò pé kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Àlébù yẹn kò dá dúró sí Niger. Ó ti wọ Ìbẹ̀jú-Lẹ́kì wa níbí, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ ọ́.

Kí ni Aïr?

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, Aïr jẹ́ òkè ńlá tó dìde sáàárín aṣálẹ̀ Sàhárà, ní agbègbè Agadez. Ìlà oòrùn rẹ̀ ni aṣálẹ̀ Ténéré, yanrìn lọ súà bí òkun. Ìwọ̀ oòrùn rẹ̀ ni pẹ̀tẹ́lẹ̀ Irhazer àti Talak. Ibi tó ga jù níbẹ̀, tó tún ga jù ní gbogbo Niger, ni Idoukal-n-Taghès, lórí òkè Bagzane, mítà 2,022. Ní 1991 ni UNESCO kọ Aïr àti Ténéré mọ́ ogún àgbáyé. Nígbà tó di 1992, wọ́n tún kọ ọ́ mọ́ àwọn tó wà nínú ewu, nítorí ìjà tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ má rò pé ibẹ̀ jìnnà sí wa tó bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ òkúta sọ pé irú òkúta líle kan bẹ̀rẹ̀ láti Aïr, ó gba agbègbè Zinder kọjá, ó sì dé Jos. Ti Aïr ló dàgbà jù, ọjọ́ orí rẹ̀ lé ní 400 mílíọ̀nù ọdún. Ti Jos kéré sí i púpọ̀. Ibi tí òkúta yìí bá wà, tánńganran kì í jìnnà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi wa tánńganran ní Jos títí ilẹ̀ fi di kòtò omi káàkiri, tí wọ́n sì tún wà á ní El Mékki àti Tarouadji nínú Aïr. Ọmọ ìyá ni òkè méjèèjì. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló jẹ ti ọ̀kan, Faransé ló jẹ ti èkejì.

Ta ló ń sọ ìtàn náà?

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí a máa ń bi ìtàn nìyí. Nínú máàpù, olùsọ̀tàn kì í sọ pé "èmi". Òkè ló dúró sí. Ó rí gbogbo nǹkan, ẹnikẹ́ni kò rí i. Kì í sì í ṣe àkànlò èdè ni mo fi sọ bẹ́ẹ̀ o. Láti àwọn ọdún 1950 ni ọkọ̀ òfurufú Faransé ti ń fò lórí àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n ń ya fọ́tò. Àwọn ayàwòrán á wá jókòó ti fọ́tò náà, wọ́n á fa ìlà. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á rán ènìyàn lọ sórí ilẹ̀ láti lọ béèrè orúkọ. Ẹ kíyè sí bó ṣe tò: àwòrán ló kọ́kọ́ wá, ẹnu onílùú ló kẹ́yìn.

Ẹ wá fi wé Heinrich Barth, ará Jámánì tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán, tó gba Aïr kọjá ní 1850, tó sì dé Agadez ní oṣù Kẹwàá ọdún náà. Orí ràkúnmí àti ẹsẹ̀ ni Barth fi rìn ín. Òun náà ya máàpù. Àmọ́ nínú ìwé rẹ̀, ẹ máa rí ẹni tó gbà á lálejò, ẹ máa rí àwọn tó fẹ́ gba ẹrù rẹ̀, ẹ máa rí iye tí wọ́n ń ta nǹkan lọ́jà Agadez. Ẹ̀rù ń bà á, ebi ń pa á, ó sì sọ ọ́. Òǹkàwé mọ ibi tí Barth dúró sí nígbà tó ń wo òkè. Máàpù ìwọ̀n 1:200,000 péye ju ti Barth lọ fíìfíì, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n a kò mọ ibi tí ẹni tó ń wò dúró sí, torí náà a kò lè bi í pé kí ló dé tí kò rí nǹkan báyìí báyìí.

Ibi tó ti dáa

Ká má fi ìbínú ṣe àyẹ̀wò, ẹ jẹ́ ká yìn ín níbi tó yẹ. Àwọn ìlà òkè rẹ̀, ìyẹn àwọn ìlà aláwọ̀ ilẹ̀ tó ń so ibi tí gíga wọn dọ́gba pọ̀, dùn-ún wò. Níbi tí wọ́n bá ti fún mọ́ra, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ńlá ni. Níbi tí wọ́n bá ti jìnnà síra, ilẹ̀ tẹ́jú. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà á gun òkè láìkúrò lórí àga. Àwọn òkè kan níbẹ̀ rí róbótó bí òrùka, nítorí bí òkúta gbígbóná ṣe tú jáde láti ìsàlẹ̀ láyé ọjọ́un. Èyí tó tóbi jù nínú òrùka wọ̀nyí, Meugueur-Meugueur, fẹ̀ tó kìlómítà 65 láti etí kan sí èkejì. Kò sí akéwì tó lè fi ẹnu sọ ìyẹn kó yéni tó bí ìlà ṣe sọ ọ́.

Omi ni mo tún fẹ́ yìn ín sí. Ní Aïr, odò tó ń ṣàn jálẹ̀ ọdún ṣọ̀wọ́n. Kori ni wọ́n ń pe àwọn ipa odò ibẹ̀: ọjọ́ díẹ̀ nínú ọdún ni omi fi ń gbá kọjá, lẹ́yìn náà yanrìn ló kù. Máàpù náà kò parọ́ fún wa lórí èyí. Ó fi àmì ya ipa odò tó máa ń gbẹ sọ́tọ̀, ó sì sàmì sí kànga. Nínú aṣálẹ̀, kànga kan lórí máàpù ju orí ìwé mẹ́wàá lọ, torí ẹni tó bá ṣìnà á kú ni. Òǹkọ̀wé tó bá mọ ohun tí òǹkàwé rẹ̀ nílò láti fi wà láàyè, tó sì kọ ọ́ síbi tí yóò ti tètè rí i, ó yẹ ká bọ̀wọ̀ fún un.

Ohun kẹta ni pé irú ìwé yìí máa ń gba àtúnṣe. Fún ọjọ́ pípẹ́, Mont Gréboun, ní apá àríwá Aïr, ni àwọn ìwé ń pè ní òkè tó ga jù ní Niger. Nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n dáadáa, mítà 1,944 ni. Bagzane ló jù ú lọ. Wọ́n gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì yí i padà. Mélòó nínú àwa akéwì ẹgbẹ́ yìí ló máa ń gbà kí wọ́n yí ìlà kan péré padà nínú iṣẹ́ wa? Ẹ̀rín ni mo fi sọ ọ́ o, ẹ má bínú.

Orúkọ

Orúkọ ni ibi tí máàpù ti ń sún mọ́ lítíréṣọ̀ jù. Lórí máàpù Aïr, ẹ máa rí "Adrar", tó túmọ̀ sí òkè ní èdè àwọn Tuareg, àti "Anou", tó túmọ̀ sí kànga. Orúkọ wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ẹni tó ń jẹ́ Anou Araren ń sọ fún ẹ pé omi wà lọ́dọ̀ òun. Ó wá yà mí lẹ́nu pé lónìí, èédú ni gbogbo ayé mọ Anou Araren sí, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wa èédú tí SONICHAR fi ń fún Arlit àti Agadez ní iná láti 1981. Orúkọ ń pe omi, ilẹ̀ ń mú èédú jáde.

Lẹ́tà Faransé ni wọ́n fi kọ gbogbo rẹ̀. "Aïr" tí ẹ ń rí yẹn, pẹ̀lú àmì tó-tó méjì lórí rẹ̀, Abzin ni àwọn Hausa ń pè é. Èwo ni orúkọ òkè náà gan-an? Máàpù mú ọ̀kan, ó dákẹ́ lórí èkejì. Àwa náà mọ irú ẹ̀. Lẹ́tà h tó wà nídìí Ajah, ta ló ń pè é nínú wa? K méjì tó so mọ́ra nínú Lekki, láti ìgbà wo ni Yorùbá ti ń kọ k méjì pọ̀? Ẹni tó kọ ọ́ kò fi etí wa gbọ́ ọ. Síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ la ń kọ ọ́ sórí lẹ́tà àti sára bọ́ọ̀sì títí dòní, torí pé máàpù ti kọ ọ́.

Ibi funfun

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Bí ẹ bá tẹ́ máàpù Aïr sórí tábìlì, àárín rẹ̀ kún fún ìlà, ó dúdú mọ́ra. Ní apá ìwọ̀ oòrùn, ìlà dín kù, bébà ń funfun. Ojú òǹkàwé á sáré kúrò níbẹ̀ padà sórí òkè, torí òkè ló lẹ́wà.

Inú funfun yẹn ni uranium wà. Kò sí lórí òkè, inú òkúta yanrìn tó wà nísàlẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni. Ní 1957, àwọn Faransé tó ń wá bàbà ní Azelik ló bá a pàdé. Wọ́n dá ilé iṣẹ́ SOMAIR sílẹ̀ ní 1968. Ìlú Arlit bẹ̀rẹ̀ ní 1969, uranium sì bẹ̀rẹ̀ sí jáde ní 1971. COMINAK tẹ̀lé e ní Akouta, ní 1978, abẹ́ ilẹ̀ ni tiwọn, nǹkan bí mítà 250 sísàlẹ̀. Máàpù tí wọ́n bá tẹ̀ ṣáájú 1969 kò lè ní Arlit, bó ti wù kó péye tó. Ẹni tó bá ra irú máàpù bẹ́ẹ̀ á rí pẹ̀tẹ́lẹ̀ lásán níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn wá ń gbé lẹ́yìn náà.

Àwọn kan á ní, "Ó dáa, kò tíì sí ènìyàn níbẹ̀ nígbà náà." Irọ́ ni. Àwọn darandaran wà níbẹ̀. Ọdọọdún, lẹ́yìn òjò, àwọn Tuareg àti Wodaabe máa ń kó màlúù, ràkúnmí àti ewúrẹ́ wá sí agbègbè Ingall, nítorí iyọ̀ tó wà nínú omi àti ilẹ̀ ibẹ̀. Ìpàdé ńlá ni: wọ́n á rí ẹbí, wọ́n á fẹ́ ìyàwó, wọ́n á gbọ́ ìròyìn. Àmọ́ ìpàdé kò ní gíga. Ẹni tó ń ṣí lọ ṣí bọ̀ kò ní ògiri tí ọkọ̀ òfurufú máa yà. Torí náà, kò sí ìlà fún un.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo bí ìwé kan ṣe lè sọ òótọ́ ní gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀, kó sì ṣini lọ́nà lápapọ̀. Kò sí irọ́ kankan lórí máàpù yẹn. Gbogbo mítà rẹ̀ péye. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn tó ní owó jókòó láti pinnu ibi tí wọ́n máa gbẹ́, bébà tó wà níwájú wọn ti sọ fún wọn pé ilẹ̀ yìí kò ní olówó orí.

Kí ni wọ́n fi sílẹ̀? Wọ́n ti COMINAK pa ní oṣù Kẹta 2021. Ìdọ̀tí kùsà tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ tó nǹkan bí mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 20. Ìyẹn ti di òkè tuntun, ẹ̀yin ará! Nígbà tí pẹ̀tẹ́lẹ̀ wá ní gíga nígbẹ̀yìn, ìdọ̀tí ló ga. Ní oṣù Kẹfà 2025, ìjọba ológun Niger kéde pé òun ti gba SOMAIR kúrò lọ́wọ́ Orano, ilé iṣẹ́ Faransé.

Àwa ọmọ Yorùbá pàápàá kò yọ sílẹ̀ nínú ìtàn náà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, títì ọ̀dà tí wọ́n là láti Tahoua dé Arlit, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní títì uranium, ló ń gbé ẹrù náà wá sí gúúsù, títí dé èbúté Kútọnu. Ọ̀nà Kútọnu yẹn gba ilẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́ kọjá, níbi tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá bí a ṣe ń sọ ọ́. Ẹrù náà ń lọ di iná mànàmáná ní Faransé, nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé ní Niger fúnra rẹ̀ kò ní iná. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba Niger ní oṣù Keje 2023, tí ààlà òun àti Benin tì, ọ̀nà yẹn dí.

Máàpù kò mọ àná

Àlébù kejì tan mọ́ ti àkọ́kọ́. Nínú gírámà Yorùbá, a ní "ń", a ní "ti", a ní "yóò". Máàpù kò ní ìkankan nínú wọn. Gbogbo ohun tó wà lórí ẹ̀ wà ní ẹ̀ẹ̀kan náà.

Ẹ wo Azelik tí wọ́n ti rí uranium. Àwọn onímọ̀ tó ń walẹ̀ wá ìtàn so ibẹ̀ pọ̀ mọ́ Takedda, ìlú tí Ibn Battuta dé ní 1353 nígbà tó ń bọ̀ láti Mali. Ibn Battuta sọ fún wa pé òkúta pupa ni wọ́n fi kọ́ ilé ibẹ̀, pé omi ibẹ̀ ń dùn bí bàbà lẹ́nu, pé àwọn ẹrú lọ́kùnrin lóbìnrin ló ń wa bàbà náà, tí wọ́n ń yọ́ ọ nínú ilé. Wọ́n á dà á sí ọ̀pá. Ọ̀pá tín-ín-rín ni wọ́n fi ń ra ẹran àti igi ìdáná. Èyí tó nípọn ni wọ́n fi ń ra ẹrú, ọkà àti bọ́tà. Nínú gbólóhùn díẹ̀, òǹkọ̀wé yìí sọ ẹni tó gbẹ́ ẹ, ibi tí wọ́n ti yọ́ ọ, àti ohun tí wọ́n fi rà. Ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, ibẹ̀ kan náà ni wọ́n padà wá bàbà sí tí wọ́n fi rí uranium. Àwọn ará Ṣáínà tún wá dá ilé iṣẹ́ SOMINA sílẹ̀ níbẹ̀ ní 2007. Iṣẹ́ dúró ní 2015. Bàbà, uranium, ìdákẹ́. Lórí máàpù, àmì kan àti orúkọ kan péré.

Igi Ténéré náà ńkọ́? Igi kan ṣoṣo tó dúró nínú aṣálẹ̀ ní ìlà oòrùn Aïr, tí kò sí igi mìíràn nítòsí rẹ̀ rárá. Àwọn ẹlẹ́rù iyọ̀ tó ń ti Aïr lọ sí Bilma máa ń fi ṣe àmì ọ̀nà. Ó gbajúmọ̀ débi pé wọ́n kọ ọ́ sórí máàpù ìwọ̀n 1:4,000,000, níbi tí ìlú ńlá pàápàá ti ń di tó-tó. Ní 1973, awakọ̀ akẹ́rù kan fi ọkọ̀ kọ lù ú, ó wó. Wọ́n gbé òkú igi náà lọ sí mùsíọ́ọ̀mù ní Niamey, wọ́n sì fi irin ṣe òmíràn síbẹ̀. Tó-tó orí máàpù kò mọ ìyàtọ̀ láàárín igi tó ń mí àti irin. Ohun tó jẹ́ iṣẹ́ tiwa nìyẹn, àwa tí a ń kọ ìtàn: ká sọ ọjọ́ tí igi wó.

Fíìmù méjì tó dá a lóhùn

Àwọn kan ti ṣe iṣẹ́ yẹn fún Arlit. Idrissou Mora-Kpai, ọmọ orílẹ̀-èdè Benin, ṣe fíìmù kan ní 2005 tó pè ní Arlit, deuxième Paris. Àkọlé yẹn túmọ̀ sí Páríìsì kejì, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe ìlú náà nígbà tí owó uranium ń rọ̀. Nínú fíìmù náà, àwọn tó ti ṣiṣẹ́ kùsà ló ń sọ̀rọ̀, pẹ̀lú sùúrù, láìsí ariwo. Ní 2016, Amina Weira tó jẹ́ ọmọ Arlit gan-an ṣe La colère dans le vent, ìbínú inú afẹ́fẹ́. Bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ kùsà, ọ̀dọ̀ bàbá yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni ibi tí kámẹ́rà dúró sí. Kò sí lókè ọ̀run. Iwájú ẹnu ilẹ̀kùn ló wà, ó dọ́gba pẹ̀lú ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Nínú fíìmù Weira, afẹ́fẹ́ tó ń gbé eruku kiri ìlú fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹ̀dá-ìtàn. Afẹ́fẹ́! Ohun tí máàpù kankan kò lè yà. Bí ẹ bá fi fíìmù méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ máàpù náà, ibi funfun á bẹ̀rẹ̀ sí kún.

Ẹ jẹ́ ká wálé

Ìbẹ̀jú-Lẹ́kì kò ní òkè kankan. Yanrìn, ẹrẹ̀, ọ̀sà, òkun. Lójú ẹni tó mọ òkè nìkan, ilẹ̀ wa jẹ́ ibi funfun pátápátá. Nígbà tí rògbòdìyàn ìṣèlú dé Ìwọ̀ Oòrùn ní 1962, Lẹ́kì ni ìjọba ní kí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ jókòó sí. Wọn kò rán an lọ sí ibi tó sún mọ́ wọn, ibi tó jìnnà sójú ayé ni wọ́n yàn. Àwọn apẹja tó ń gbé níbẹ̀ nígbà náà kò mọ̀ pé ọ̀nà jíjìn làwọn ń gbé o. Ilé wọn ni.

Ẹ wo ibẹ̀ lónìí. Ní 2006 ni wọ́n dá Lekki Free Zone sílẹ̀. Ní oṣù Kìíní 2023 ni wọ́n ṣí èbúté ńlá Lẹ́kì. Ní oṣù Karùn-ún ọdún kan náà, wọ́n ṣí ilé ìfọpo Dangote, tí wọ́n kọ́ láti máa fọ àgbá epo 650,000 lóòjọ́. Ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ sọ pé ilẹ̀ tí òun gbà tó hẹ́kítà 2,635, pé yanrìn tí òun fà láti fi gbé ilẹ̀ náà sókè tó mílíọ̀nù 65 kúbíìkì mítà. Ní 2024, títì etí òkun láti Èkó lọ sí Calabar bẹ̀rẹ̀, apá àkọ́kọ́ rẹ̀ sì forí lé Èlẹ́kọ. Yanrìn ni kùsà tiwa. Wọ́n ń fà á nínú ọ̀sà tọ̀sán-tòru, wọ́n ń tà á ní típà-típà láti Sangotedo dé Bogije.

N kò sọ pé kí ìdàgbàsókè má wá. Ọ̀pọ̀ wa ló ní ẹ̀gbọ́n tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó sì wà lára àwa náà tó máa wá iṣẹ́ lọ síbẹ̀ tí a bá jáde. Ọ̀rọ̀ mi dá lé bébà. Ṣé ẹ ti wo pátákó àwọn tó ń ta pílọ́ọ̀tì lójú ọ̀nà yìí? Wọ́n ya ilẹ̀ sí igun mẹ́rin-mẹ́rin, wọ́n kọ nọ́ńbà sí i, wọ́n fún un lórúkọ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń dún bí ọgbà òdòdó. "Ilẹ̀ gbígbẹ pátápátá, kò sí wàhálà." Níbo ni oko ẹ̀gẹ́ tó wà níbẹ̀ lọ? Níbo ni ibi tí wọ́n ń gúnlẹ̀ ọkọ̀ ẹja sí lọ? Odò kékeré tó ń gbé omi òjò lọ sínú ọ̀sà, kí lorúkọ ẹ̀? Ẹni tó fi yanrìn dí i kò mọ̀ pé ó ní orúkọ, torí bébà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò kọ ọ́. Bí òjò bá wá dé, tí omi wọ yàrá, a ó ní ìjọba ló jẹ̀bi. Ìjọba lè jẹ̀bi lóòótọ́. Àmọ́ omi kàn ń padà sí ilé tí máàpù pa rẹ́ ni.

Ohun tí àwọn kan máa sọ

Mo gbọ́ àtakò kan tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹnì kan á ní, "Ìwọ, ò ń bá ọ̀bẹ wí pé kò ṣe iṣẹ́ ìgbákọ. Iṣẹ́ máàpù ni láti fi ọ̀nà hàn. Kì í ṣe láti sunkún." Ọ̀rọ̀ gidi ni. Tí máàpù bá gbé gbogbo ìtàn sórí, kò sẹ́ni tó máa rí kànga mọ́, arìnrìn-àjò á sì kú sínú aṣálẹ̀. Yíyọ nǹkan kúrò ni ó jẹ́ kó wúlò.

Èsì mi nìyí. N kò bá ọ̀bẹ wí pé ó mú. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹni tó di ọ̀bẹ mú má sọ fún wa pé ohun tí ọ̀bẹ kò gé kò sí. Máàpù Aïr yan òkè àti omi. Ó lẹ́tọ̀ọ́ sí ìyẹn. Ẹ̀bi bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹni tó ń kà á bá gba funfun gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ẹ̀bi náà sì wà lọ́rùn àwa òǹkọ̀wé, tí a bá fi sọ̀fíyọ̀ nìkan sílẹ̀ kó máa kọ ilẹ̀ wa. Sọ̀fíyọ̀ ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Tiwa dà?

Ìdájọ́ mi lórí máàpù Aïr: iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n ni, tó yẹ kí gbogbo òǹkọ̀wé wò, kí ó fi kọ́ bí a ṣe ń fi ìlà díẹ̀ sọ ohun púpọ̀. Àmọ́ ẹni tó bá kà á láìka Ibn Battuta, láìwo Mora-Kpai àti Weira, ìdajì ìwé ló kà.

Ẹ̀yin tí ẹ wá láti Àkódò, Orímẹ̀dù, Ìdásọ̀, Magbọ̀n Aládé, Ìwéréku, àti gbogbo abúlé etí òkun wa, ẹ̀yin ni mo kọ èyí fún jù. Nígbà tí ẹ bá lọlé ní òpin ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ jókòó ti ìyá àgbà. Ẹ béèrè orúkọ gbogbo ibi tí wọ́n ti ń pọn omi, ibi tí wọ́n ń sá ẹja sí, oko tí típà ti gbà kọjá. Ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, kí ẹni tó bá kà á lè pè é bó ṣe yẹ. Ẹ má wulẹ̀ fi ewì sí i tí kò bá wá. Orúkọ àti ìdí tó fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ti tó. Kí ẹ kó o wá fún olótùú, a máa tẹ̀ ẹ́. Fọ́tòkọ́pì wa kò ní àwọ̀, dúdú àti funfun ni. Ẹ jẹ́ ká fi dúdú kún funfun náà kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí i kà.